Ojú Tí A Rò Pé A Mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe ohun tí a fi ń ríran àti ohun tí a ń wò lára ọmọnìkejì wa. Ojú ni a ń pe méjèèjì. Ojú la fi ń wo ojú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dúró níwájú adájọ́, tó fọwọ́ sọ̀yà, tó ní, "Ó ṣojú mi kòrókòró, ọkùnrin yìí gan-an ni," ta ló tún kù tí yóò bá a jiyàn? Ohun tí ojú bá ti rí, ó parí, abí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín, kí a tó wo ohun tí àwọn onímọ̀ rí nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1895, Adolf Beck, ọmọ ilẹ̀ Norway, wà ní òpópónà Victoria ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àfi bí obìnrin kan ṣe dá a dúró, tó ní òun ni gbájúẹ̀ tó fi ẹnu dídùn gba aago àti òrùka òun lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Beck ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọlọ́pàá pé kó gba òun lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ni ọlọ́pàá bá kó àwọn méjèèjì lọ sí àgọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ti lù ní irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wá wo ojú Beck. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wò ó, wọ́n ní, "Òun ni!" Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì tún wá búra pé Beck yìí náà ló ṣẹ̀wọ̀n ní ọdún 1877 nítorí irú ìwà kan náà, tó ń pe ara rẹ̀ ní John Smith nígbà náà. Ní ọdún 1896, wọ́n rán Beck lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Ó jáde ní ọdún 1901. Nígbà tó di ọdún 1904, àwọn obìnrin mìíràn tún tọ́ka sí i, kóòtù sì tún dá a lẹ́bi. Ọlọ́run ló bá a ṣe é: kí adájọ́ tó dá iye ọdún tó máa lò, ọwọ́ ba gbájúẹ̀ tòótọ́ níbi tó ti ń bá iṣẹ́ ibi rẹ̀ lọ, nígbà tí Beck ṣì wà ní àtìmọ́lé. Àṣé ìwé ẹ̀wọ̀n ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé John Smith ti ọdún 1877 ti dádọ̀dọ́, Beck kò sì dádọ̀dọ́! Ìjọba dá Beck sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní 5,000 pọ́n-ùn owó gbà-má-bínú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀ fún ẹjọ́ ọ̀daràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907.

Ṣé irọ́ ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn pa mọ́ Beck ni? Rárá. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni wọ́n sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù ti ń bani. A lè já òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣìnà tí kò mọ̀ pé òun ṣìnà, báwo la ṣe fẹ́ já a? Láti ìgbà náà wá ni àwọn dókítà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé ẹyinjú kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọpọlọ ló ń mọ ènìyàn, ọpọlọ kì í sì í ṣe kámẹ́rà. Ọjọ́ orí ẹni lọ́wọ́ sí ohun tó ń rí lójú ọmọnìkejì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹ̀rù, ìfẹ́ àti ìbínú.

Àìsàn àti ogun ló kọ́kọ́ fi àṣírí náà hàn. Ní ọdún 1867, dókítà ojú kan ní Ítálì, Antonio Quaglino, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí àrùn ẹ̀gbà kọlù, tí kò wá lè mọ ojú àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àrùn náà tó gba orúkọ. Dókítà ará Jámánì kan, Joachim Bodamer, yẹ àwọn tí ọgbẹ́ ogun ti ba ọpọlọ wọn jẹ́ wò. Ní ọdún 1947 ó kọ̀wé nípa ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 24, tí ọta ìbọn bà lórí. Ọmọkùnrin yìí ríran. Ó rí imú, ó rí ètè, ó rí ẹyinjú. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá para pọ̀ di ojú ènìyàn, kò mọ ti ta ni. Kò mọ ojú ẹbí, kò mọ ojú ọ̀rẹ́, kò tilẹ̀ mọ ojú ara rẹ̀ nínú díńgí. Ẹ ṣá jẹ́ kí ẹni náà la ohùn, tàbí kó rìn kọjá, kíá ló máa mọ̀ ọ́n. Bodamer fa orúkọ yọ nínú èdè Gíríìkì fún àrùn náà, ó pè é ní prosopagnosia. Àìmọ ojú ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ wọn ni, láìsí pé ọta ìbọn tàbí ẹ̀gbà kọlù wọ́n. Oliver Sacks, dókítà àrùn ọpọlọ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, tó kú ní ọdún 2015, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìgbà mìíràn wà tí òun kì í mọ̀ pé òun ni òun ń wò nínú díńgí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọjá lára yín lọ́jà láìkí yín, kó má sì jẹ́ ìgbéraga rárá.

Kí ló dé tó jẹ́ ojú nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí? Ní ọdún 1969, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Yin, fi fọ́tò dán àwọn ènìyàn wò. Ó rí i pé bí a bá dorí fọ́tò ilé tàbí ti ọkọ̀ òfúrufú kodò, ó máa ń nira díẹ̀ láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fọ́tò ojú ènìyàn, ìṣòro náà máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ọdún 1980, Peter Thompson ti Yunifásítì York gé ẹyinjú àti ẹnu nínú fọ́tò Margaret Thatcher, ó dorí wọn kodò, ó sì lẹ̀ wọ́n padà sójú wọn. Bí a bá gbé fọ́tò náà nàró, ojú iwin ni. Bí a bá dorí gbogbo rẹ̀ kodò, kò sí ohun tó jọ pé ó ṣe ìyá náà. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ọpọlọ kì í ka ojú ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ń ka ẹ̀wà. Odindi ló ń gbé e mì. Ní ọdún 1997, Nancy Kanwisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lo máṣíìnì tó ń ya àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ nínú ọpọlọ, wọ́n sì rí ibì kan ní abẹ́ ọpọlọ, lápá ẹ̀yìn, tó máa ń jí gìrì bí a bá rí ojú, ju bí a bá rí ilé tàbí ọwọ́ lọ. Ti apá ọ̀tún ló sábà máa ń lágbára jù.

Ṣùgbọ́n ká mọ ojú nìkan kò tíì tó. Ní ọdún 1923, Joseph Capgras, dókítà ará Faransé, àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ̀wé nípa obìnrin kan tó ń pariwo pé wọ́n ti jí ọkọ òun àti ọmọ òun gbé lọ, àwọn mìíràn tó jọ wọ́n ni wọ́n wá fi rọ́pò. Obìnrin yìí kò sọ pé ojú wọn yàtọ̀. Ó gbà pé wọ́n jọra. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n kà á sí ni wèrè lásán.

Ní ọdún 1984, Russell Bauer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, yẹ ọkùnrin kan tó ní àrùn àìmọ ojú wò. Ó fi fọ́tò àwọn tí ọkùnrin náà mọ̀ hàn án, ó ń pe oríṣiríṣi orúkọ sí i létí, ó sì ń fi ẹ̀rọ wọn bí àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe ń làágùn. Ọkùnrin náà ní òun kò mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe orúkọ tó bá ojú mu, ẹ̀rọ á ta kìjí. Orí kò mọ̀, ara mọ̀! Hadyn Ellis àti Andrew Young, ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, wá sọ ní ọdún 1990 pé ó ní láti jẹ́ pé òdì kejì èyí ló ń ṣe àwọn tó dà bí obìnrin Capgras. Nígbà tí wọ́n sì dán irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò ní ọdún 1997, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: bí wọ́n wo ojú tí wọ́n mọ̀, bí wọ́n wo ojú àjèjì, bákan náà ni ara wọn ń ṣe. Orí mọ̀, ara kò mọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ojú ọkọ dé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó máa ń bá ojú náà wá kò dé, ni ọpọlọ bá dájọ́ pé ọkọ kọ́ nìyí.

Ẹ̀yà ọpọlọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Kóró kékeré kan ni, a ní i lọ́tùn-ún, a ní i lósì. Amygdala ni àwọn dókítà ń pè é. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní S.M. nínú ìwé, tí àrùn tí kò wọ́pọ̀ ba tiẹ̀ jẹ́ lápá méjèèjì. Ralph Adolphs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní ọdún 1994 pé ó ń mọ ojú àwọn ènìyàn dáadáa, ó mọ ojú ẹlẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kò lè sọ ohun tó ń ṣe onítọ̀hún. Ó tó ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 2005, kí wọ́n tó rí ìdí rẹ̀: S.M. kì í wo ẹyinjú ènìyàn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé, "Ẹyinjú ni kí o wò," ó mọ ẹ̀rù bí àwa yòókù ṣe mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá sì tún rán an létí, á gbàgbé. Ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe fún wa nìyí: òun ló ń darí wa síbi tó yẹ ká wò.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí wá ńkọ́? Láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà mú ohun tí wọ́n ya ojú sí lọ síwájú àwọn ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí tí wọn kò tíì lo wákàtí kan láyé. Orí àwọn ọmọ náà ń tẹ̀ lé e, ju bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé èyí tí wọ́n da ojú inú rẹ̀ rú lọ. Ọmọ kò tíì mọ ìyá, ó ti ń wá ojú kiri. Ní ọdún 2002, Olivier Pascalis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fọ́tò àwọn ọ̀bọ han àwọn ìkókó. Ọmọ oṣù mẹ́fà lè mọ̀yàtọ̀ láàrin ọ̀bọ kan àti èkejì. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kò lè mọ̀ ọ́n mọ́, àgbàlagbà náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ojú tó yí ọmọ ká ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbà mú, tó ń pa ìyókù tì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jẹ́ pé ojú ẹ̀yà tí a dàgbà sí àárín wọn ló máa ń rọrùn fún wa láti dá mọ̀. Roy Malpass àti Jerome Kravitz ti fi èyí hàn ní ọdún 1969 láàrin àwọn dúdú àti funfun ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí òyìnbó bá ní gbogbo wa jọra wọn lójú òun, bí tiwa náà ṣe rí nípa tiwọn nìyẹn.

Mímọ ojú ènìyàn tuntun kì í tètè gbó. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ròyìn pé agbára yìí máa ń dàgbà títí ẹni á fi lé díẹ̀ ní ọmọ 30 ọdún, nígbà tó jẹ́ pé agbára láti kọ́ orúkọ tuntun ti máa ń dé góńgó kí ẹni tó pé 25. Lẹ́yìn náà ni ó ń rọlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú àtijọ́ ní tirẹ̀ kì í tètè parẹ́. Ní ọdún 1975, Harry Bahrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ènìyàn 392, láti ọmọ ọdún 17 dé 74, wọ́n fi fọ́tò àwọn tí wọ́n jọ jáde sẹ́kọ́ńdírì hàn wọ́n láàrin fọ́tò àwọn àjèjì. Àwọn tó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti jáde ṣì ń mọ ojú bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Orúkọ ló ti sá lọ, ojú wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi lè wo fọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti àtijọ́ kó máa nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kó máa bi aládùúgbò tuntun léèrè lẹ́ẹ̀kẹta pé, "Ìwọ ta ni, ọmọ mi?" Ẹ má ṣe bínú sí wọn.

Ohun tó tún wọni lára jù nípa àgbà ni bí wọ́n ṣe ń wo ojú tó bínú. Ní ọdún 2003, Mara Mather àti Laura Carstensen fi ojú méjì méjì síwájú àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn arúgbó: ọ̀kan bínú tàbí ó fajú ro, èkejì kò ṣe nǹkan kan. Ọkàn àwọn arúgbó máa ń yà kúrò lára èyí tó burú. Ti àwọn ọ̀dọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Carstensen ní ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ kì í fẹ́ fi ìyókù rẹ̀ ṣòfò lórí ìbànújẹ́. Ìbùkún ni, kí alẹ́ ẹni lè tura. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń dá. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2008, ó hàn pé àwọn arúgbó kì í tètè mọ ìbínú, ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù lójú ènìyàn bí ọ̀dọ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles fi fọ́tò àwọn ojú tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé hàn wọ́n. Àwọn àgbà kà wọ́n sí ẹni tó ṣeé fọkàn tán ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe kà wọ́n sí lọ, apá ibi tó máa ń ta ara lólobó nínú ọpọlọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jí nínú wọn. A máa ń sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ojú gbájúẹ̀, ọmọdé lè rí ohun tí àgbà kò rí. Àwọn gbájúẹ̀ sì ti mọ èyí kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí kóòtù, níbi tí ọ̀rọ̀ ojú ti lè gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 1984, ní ìlú Burlington ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan já wọ ilé Jennifer Thompson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22, ó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Jennifer kò ya aṣiwèrè. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà, ó ń há ojú rẹ̀ sórí, pé bí òun bá yè é, òun á rí i pé ó ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ọlọ́pàá kó fọ́tò síwájú rẹ̀, ó tọ́ka sí ti Ronald Cotton. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, Cotton náà ló tún tọ́ka sí. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún 1985. Ní ọdún 1987, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, wọ́n sì mú ẹni tó ṣe é gan-an wá síwájú Jennifer. Ó wò ó, ó ní òun kò rí i rí. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé Cotton kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ó ti lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì pàdé, tí Cotton dárí jì í, tí wọ́n sì jọ kọ ìwé ní ọdún 2009 kí irú rẹ̀ má bàa ṣe ẹlòmíràn mọ́.

Kí ló ṣe ọmọbìnrin yìí, ẹni tó wo ojú dáadáa bẹ́ẹ̀? Ẹ ka ohun tó kóra jọ lé e lórí. Òyìnbó ni òun, ènìyàn dúdú ni Cotton àti ọ̀daràn náà. Ọ̀bẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó sì ti yan fọ́tò Cotton tán, ojú Cotton gba ipò ojú ọ̀daràn nínú ọpọlọ rẹ̀. A máa ń rò pé ẹ̀rù á tẹ ojú mọ́ ọpọlọ bí òǹtẹ̀. Ní ọdún 2004, Charles Morgan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó ju 500 lọ, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe fara da ọwọ́ ọ̀tá. Wọ́n fi ìbéèrè líle àti ìyà jẹ wọ́n, wọ́n tún fi ìbéèrè jẹ́jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ojú ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n mọ̀ jù. Ojú ẹni tó jẹ wọ́n níyà, tí wọ́n jọ dúró ní ojúkojú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti gba díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Turnbull: adájọ́ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé olóòótọ́ ẹlẹ́rìí náà lè ṣìnà, kí wọ́n sì béèrè pé báwo ló ṣe pẹ́ tó tó fi wo onítọ̀hún, báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó, báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe rí, ǹjẹ́ ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí àwa náà máa bi ara wa nìyẹn kí a tó pariwo "Òun ni!" lé ẹnikẹ́ni lórí láàrin ọjà, níbi tí táyà àti kẹrosíìnì kì í jìnnà. Ẹ jókòó ti ìyá àti bàbá yín nígbà tí àjèjì ẹlẹ́rìn-ín bá wá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá sì kọjá lára yín láìkí yín, ẹ kọ́kọ́ ṣe sùúrù, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín.